Irin kan náà, omi kan náà: kí ló dé tí àdá mi fi kán bí àwo?

ỌmọÀgbẹ̀dẹ (Láfẹ́nwá), Ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n là mí lọ́yẹ̀. Iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ni mò ń kọ́, ó ti di ọdún kẹta báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá mi ní kí n dá nìkan rọ àdá fún bàbá àgbẹ̀ kan tó máa ń wá láti ìhà Ọ̀dẹ̀dá. Sípíríǹgì abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù ni mo fi rọ ọ́. Mo yan án nínú iná èédú títí ó fi pupa fòò, mo lù ú, mo fẹ̀ ẹ́, mo tún yan án, mo wá rì í bọ omi lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dún ṣàà. Nígbà tí mo fi fáìlì kàn án, ńṣe ni fáìlì ń yọ̀ lójú rẹ̀, kò jẹ ẹ́ rárá. Inú mi dùn. Mo ní àdá yìí mà le o.

Ọjọ́ kejì ni bàbá gbé e padà wá ní ẹ̀là méjì. Ó ní gbòǹgbò kan ṣoṣo lòun ṣá, ló bá kán. Kò pariwo mọ́ mi, àmọ́ n kò lè gbójú sókè wò ó. Mo wo ojú ibi tó ti kán: ó rí hóró hóró, ó ń dán bí ìgbà téèyàn bá dá ṣúgà onígun sí méjì. Kò tẹ̀ rárá kó tó kán.

Ohun tó wá rú mi lójú nìyí. Ọ̀gá mi mú sípíríǹgì tó kù, ó ṣe gbogbo ohun tí mo ṣe, omi kan náà ló lò. Ṣùgbọ́n nígbà tó yọ ọ́ nínú omi, ó fi yanrìn ha ojú rẹ̀ títí ó fi funfun, ó wá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ iná, kò tì í bọ inú iná. Ó jókòó tì í, ó ń wò ó. Ojú irin náà kọ́kọ́ ṣe bí oyin, ó ṣú díẹ̀díẹ̀, ó wá di àwọ̀ aró. Bó ṣe di aró báyìí ló gbé e kúrò. Mo fi àdá yẹn ṣá gbòǹgbò títí ọwọ́ fi ro mí, kò kán. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó ní, "Ojú irin ni kó o máa wò." Mo gbà, àmọ́ mo fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀.

Ọ̀kan tún kù. Mo fi rọ́ọ̀dù ìkọ́lé ṣe ìkọ́, mo yan án, mo rì í bọ omi kan náà yẹn. Nígbà tó tutù tán tí mo lù ú, ó tẹ̀ ni, kò kán. Ṣebí irin ni gbogbo wọn?

IléLóko, 8:31 alẹ́

Omi yẹn ló yá jù fún un. Ẹ lo òróró ẹ́ńjìnnì àlòkù. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń rọ ọkọ́ ní Ṣàgámù, òróró ló ń lò.

ỌmọÀgbẹ̀dẹ (Láfẹ́nwá), 8:40 alẹ́

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ omi yẹn náà ni ọ̀gá mi lò, tirẹ̀ kò sì kán.

TíṣàKẹ́mísírì (Ìbarà), 9:22 alẹ́

Àbúrò, ìbéèrè tó o bi yìí, ọdún kan gbáko ni mo fi ń wá ọ̀nà tí àwọn ọmọ kíláàsì mi yóò fi bi mí. Jẹ́ kí n fara balẹ̀.

Átọ́ọ̀mù, ìyẹn hóró kéékèèké tí ojú ò lè rí, ló kóra jọ di irin, wọ́n sì tò ní ìpele ìpele bí ìgbà tí ìyá ọlọ́sàn bá to ọsàn sórí àtẹ ní Kútọ̀. Nínú irin, bàbà, wúrà, òjé àti gbogbo ẹbí wọn, átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan yọ̀ǹda díẹ̀ nínú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀, ìyẹn ẹyọ tín-ín-tìn-ìn-tín inú átọ́ọ̀mù tó ń gbé iná mànàmáná. Èyí tí wọ́n yọ̀ǹda yìí kì í ṣe ti ẹnì kan mọ́, ó di ti gbogbo agbo ilé, ó ń rìn kiri láàárín wọn, òun ló sì so wọ́n pọ̀. Ìdí nìyẹn tí iná mànàmáná fi ń gba inú wáyà bàbà kọjá. Òun náà ló jẹ́ kí irin ṣe é lù. Tí òòlù bá ti ìpele kan lórí èkejì, ìpele náà á yọ̀, á lọ dúró síbi tuntun, ìdìmọ́ra wọn ò sì ní já, nítorí kò sí átọ́ọ̀mù tó di ẹnì kejì kan pàtó mú. Nígbà tá a bá ní irin tẹ̀, ìpele ló yọ̀ lórí ìpele.

Ó wá ku kábọ́ọ̀nù, tí í ṣe ohun tó wà nínú èédú. Sípíríǹgì ọkọ̀ sábà máa ń ní nǹkan bí 0.6% rẹ̀ nínú. Rọ́ọ̀dù ìkọ́lé kì í ní tó bẹ́ẹ̀, òmíràn ò ju nǹkan bí 0.2% lọ. Ó kéré létí, àmọ́ òun ló ṣe gbogbo ohun tó o rí.

Tí irin bá tutù, fojú inú wo àpótí kékeré kan: átọ́ọ̀mù mẹ́jọ ní igun mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ọ̀kan sì wà láàárín gbùngbùn. Bó ṣe tò nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kábọ́ọ̀nù kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ráyè níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí irin tó ní kábọ́ọ̀nù nínú bá ti gbóná kọjá 727 dígírì Celsius, ìtò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà: ti àárín gbùngbùn kò sí níbẹ̀ mọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan wá dúró láàárín ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà àpótí náà. Nínú ìtò tuntun yìí, àlàfo tó gba kábọ́ọ̀nù wà. Kábọ́ọ̀nù á wọlé, á yọ́ sínú irin bí iyọ̀ ṣe ń yọ́ sínú ọbẹ̀, irin ò sì tíì di olómi.

Ká ní o bo irin náà mọ́ inú eérú kó máa tutù díẹ̀díẹ̀ ni, yóò padà sí ìtò àtijọ́, yóò lé kábọ́ọ̀nù jáde pẹ̀lẹ́, kábọ́ọ̀nù náà á sì mú díẹ̀ nínú irin, wọ́n á jọ di ìpele tín-ín-rín tó le láàárín irin rírọ̀. Irin bẹ́ẹ̀ ṣe é tẹ̀. Ìwọ kò fún un láyè. O rì í bọ omi. Irin ń sáré padà sílé, kábọ́ọ̀nù ò tíì rí ọ̀nà jáde, ó há sínú àpótí tí kò gbà á. Àpótí náà wá fà gùn sápá kan, gbogbo inú irin fún pinpin, ìpele kò lè yọ̀ lórí ìpele mọ́. Ohun tí fáìlì rẹ fi ń yọ̀ lójú rẹ̀ nìyẹn. Ohun tó fi kán nígbà tí gbòǹgbò ta kò ó náà nìyẹn. Ohun kan ṣoṣo ni, kì í ṣe méjì.

Iná kejì tí ọ̀gá rẹ fi yá a, ní àwọ̀ aró yẹn, kò ju nǹkan bí 300 dígírì lọ. Kò tó láti yí ìtò padà lódindi, ṣùgbọ́n ó tó kí díẹ̀ nínú kábọ́ọ̀nù tó há rìn jáde. Líle rẹ̀ dín díẹ̀, fífún rẹ̀ dẹ̀, ó sì tún ní àyè láti tẹ̀ kó padà. Ní ti ìkọ́ rẹ, kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ kò pọ̀ tó èyí tí yóò há a mọ́lẹ̀.

ỌmọÀgbẹ̀dẹ (Láfẹ́nwá), 9:47 alẹ́

Tíṣà, Ọlọ́run á máa fún yín lókun. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣé èédú tí mo fi yan án ló wá fi kábọ́ọ̀nù sí i?

TíṣàKẹ́mísírì (Ìbarà), 9:53 alẹ́

Rárá o. Ó ti wà nínú rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ṣe sípíríǹgì náà. Èédú lè fún awọ òde irin ní kábọ́ọ̀nù, àmọ́ ó ní láti bò ó mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí nínú iná gbígbóná gan-an láìjẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Afẹ́fẹ́ tí ẹwìrì ń fẹ́ sí i lè jó díẹ̀ dànù lójú irin pàápàá.

BàbáÒgún, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:05 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ ẹ̀yin ọmọ. Ogójì ọdún ó lé ni mo ti wà nídìí ẹwìrì. Tíṣà ti sọ ti inú, mo sì dúpẹ́, torí èmi náà ò mọ bí inú ṣe ń ṣe. Ẹ jẹ́ n sọ ti ojú.

Àwọ̀ oyin àti àwọ̀ aró yẹn, ọmọ, kì í ṣe irin ló pa á láró. Fi yanrìn ha á, ó lọ. Ìpẹ́pẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni iná fi bò ó, bó sì ṣe ń nípọn sí i ni àwọ̀ rẹ̀ ń yí. Ìdí tí a fi ń ha ojú rẹ̀ kó funfun nìyẹn, ká lè rí àwọ̀ náà bó ṣe ń rìn. Ọ̀bẹ tá a fẹ́ kó mú kó sì le, àwọ̀ oyin la ti ń gbé e kúrò. Àdá tí yóò bá gbòǹgbò àti òkúta pàdé, a máa ń jẹ́ kó dé aró. Ọ̀gá rẹ mọṣẹ́. Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ yọ níbẹ̀.

Èkejì: má ṣe yan irin nínú oòrùn gangan. Oòrùn ń paná pupa irin mọ́ ọ lójú, wàá yan án jù. Inú òjìji ni kó o ti máa wò ó. Tí ojú rẹ kò bá tíì dá a mọ̀, wá mágínẹ́ẹ̀tì sípíkà àlòkù kan. Irin pupa tí mágínẹ́ẹ̀tì kò fà mọ́, ó ti kù díẹ̀ kó tó. Jẹ́ kó tún pọ́n díẹ̀ sí i, kó o wá rì í.

Ẹni tó ní kí o lo òróró kò ṣì í o. Omi ń yára gba iná lára irin jù fún sípíríǹgì, ó lè ya á níbi tójú ò rí. Ó ṣeé ṣe kí ìlà wẹ́wẹ́ ti wà lára tìrẹ kí bàbá tó gbé e lọ sóko.

TíṣàKẹ́mísírì (Ìbarà), 6:48 àárọ̀

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Ti mágínẹ́ẹ̀tì yẹn, nǹkan bí 770 dígírì ni mágínẹ́ẹ̀tì kì í ti í lè fa irin mọ́. Ọgbọ́n tí mo máa kọ́ àwọn ọmọ mi lónìí gan-an nìyẹn.

ÌyáAlábẹ́là (Ìtòkú), 10:30 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi kò mọ nǹkankan nípa irin, àdìrẹ alábẹ́là ni mò ń ṣe ní Ìtòkú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín mú mi rántí nǹkan. Tí mo bá gbé àbẹ́là kaná nínú páànù, kò ní pẹ́ tó fi yọ́. Mo fi kun aṣọ, ó gbẹ, mo rún aṣọ náà lọ́wọ́, àbẹ́là á sán wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, aró á gba ojú ibi tó sán wọlé, iṣan iṣan tí oníbàárà ń fẹ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ kan, iyọ̀ dà sínú páànù mi. Àbẹ́là yọ́ tán, iyọ̀ wà nísàlẹ̀ bó ṣe wà, kò tiẹ̀ mira. Méjèèjì funfun, méjèèjì le, méjèèjì ń fọ́. Kí ló yà wọ́n?

ỌmọÀlàbátà, 11:12 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, ẹ jẹ́ n gbìyànjú ẹ̀ wò, tíṣà á tọ́ mi sọ́nà.

Àbẹ́là jẹ́ ẹ̀wọ̀n kékeré kékeré. Ẹ̀wọ̀n kan lè ní kábọ́ọ̀nù 20 sí 40 tó so mọ́ra wọn. Kábọ́ọ̀nù sí kábọ́ọ̀nù nínú ẹ̀wọ̀n kan, wọ́n dì mọ́ra gan-an. Àmọ́ ẹ̀wọ̀n sí ẹ̀wọ̀n, wọ́n kàn fara ti ara wọn ni, bí okùn tí wọ́n dà jọ sínú agbọ̀n. Nǹkan bí 60 dígírì ti tó láti tú wọn ká. Kò sí ẹ̀wọ̀n tó já, ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè se aṣọ lómi gbígbóná, kẹ́ ẹ ré àbẹ́là tó léfòó, kẹ́ ẹ sì tún un lò lọ́la.

Iyọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Oríṣi átọ́ọ̀mù méjì ló wà nínú iyọ̀, sódíọ̀mù àti kúlórínì, sódíọ̀mù sì ti fún kúlórínì ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan. Ọ̀kan wá ní agbára iná rere, èkejì ní òdì, wọ́n sì ń fa ara wọn. Kì í ṣe pé wọ́n so ní méjì méjì bí ìbejì. Sódíọ̀mù kọ̀ọ̀kan ni kúlórínì mẹ́fà yí ká, kúlórínì kọ̀ọ̀kan ni sódíọ̀mù mẹ́fà yí ká, títí dé etí hóró iyọ̀ náà. Láti tú irú agbo bẹ́ẹ̀ ká, iná gbọ́dọ̀ dé 801 dígírì. Páànù yín kò lè débẹ̀ mà, àbẹ́là á ti gbiná kó tó dé ìdajì.

Ìdí tí iyọ̀ fi ń fọ́ dípò kó tẹ̀: tẹ́ ẹ bá ti ìpele kan díẹ̀, rere á bọ́ sórí rere, òdì á bọ́ sórí òdì, wọ́n á sì ti ara wọn dànù. Ó là gbọnrangandan. Ẹ fi awò ìmúǹkantóbi wo hóró iyọ̀ kan, igun mẹ́rin mẹ́rin lẹ máa rí.

ÌyáAlábẹ́là (Ìtòkú), 11:40 àárọ̀

Ọmọ mi, o kú làákàyè. Okùn inú agbọ̀n yẹn yé mi. Mo ka á fún àwọn ọmọọṣẹ́ mi sókè.

Fọ́kùúta, 1:15 ọ̀sán

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé àwa òkúta, Abẹ́òkúta la wà. Ibi ìfọ́kùúta ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Òkúta wa yìí, irú èyí tí Olúmọ jẹ́, tí mo bá fọ́ ọ, nǹkan mẹ́ta ni mò ń rí nínú rẹ̀: funfun tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú tó pọ̀ jù; èyí tó dà bí dígí tó ń ha ọ̀bẹ; àti dúdú tó ń kọ mànà, tí mo lè fi èékánná ṣí ní pẹlẹbẹ bí ìwé. Báwo ni òkúta kan ṣe lè ní èyí tó ń ha ọ̀bẹ àti èyí tí èékánná ń ṣí nínú?

TíṣàKẹ́mísírì (Ìbarà), 4:02 ìrọ̀lẹ́

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé ẹ̀kọ́ ni, ìbéèrè yìí sì dùn mọ́ mi nínú ju oúnjẹ tó wà níwájú mi lọ.

Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé oríṣi átọ́ọ̀mù méjì kan náà, sílíkọ́ọ̀nù àti ọ́síjìn, ló jẹ́ egungun àwọn méjèèjì. Nínú èyí tó dà bí dígí, ọ́síjìn mẹ́rin ló yí sílíkọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan ká, ọ́síjìn kọ̀ọ̀kan sì tún di sílíkọ́ọ̀nù mìíràn mú. Òkè, ilẹ̀, ọ̀tún, òsì, kò sí ibi tí ìdìmọ́ra ti dínkù. Níbo lo fẹ́ fi ọ̀bẹ bọ̀? Nínú dúdú tó ń kọ mànà, ọ́síjìn mẹ́rin náà ni, àmọ́ mẹ́ta péré ló ń so mọ́ aládùúgbò, gbogbo wọn sì tẹ́ bí ẹní. Ẹní yẹn lágbára ní títẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n láàárín ìdì ẹní kan àti èkejì, átọ́ọ̀mù mìíràn tó ń jẹ́ pọ́tásíọ̀mù ló wà níbẹ̀ tó ń fà wọ́n mọ́ra díẹ̀. Ibẹ̀ ni èékánná rẹ ń gbà wọlé.

Amọ̀ ìkòkò náà, ẹní ẹní ni. Omi ń wọ àárín ẹní, ìdí nìyẹn tó fi ń yọ̀ lọ́wọ́ amọ̀kòkò. Nígbà tó bá sun ún, kì í ṣe omi yẹn nìkan ló lọ, ẹní náà fúnra rẹ̀ tú, ó di nǹkan mìíràn. Bó o gún ìkòkò lúbúlúbú tó o pò ó, kò ní di amọ̀ mọ́.

Mo bẹ̀ ọ́, fi nǹkan bo imú níbi iṣẹ́ yẹn, kẹ́ ẹ sì máa wọ́n omi sí òkúta. Eruku èyí tó ń ha ọ̀bẹ yẹn, tó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró, kì í jáde, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ pátápátá lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Má fi ṣeré.

BàbáÒgún, 5:20 ìrọ̀lẹ́

Tíṣà, mo fẹ́ bèèrè láìfi ti àríyànjiyàn ṣe. Ta ló wọ inú iyọ̀ lọ tó rí mẹ́fà yí ọ̀kan ká? Èmi, ohun tí ojú mi rí ni mo máa ń sọ.

ỌmọÀlàbátà, 5:58 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà. Ìbéèrè tó tọ́ ni. Lọ́dún 1912, Max von Laue àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì tan ìtànṣán X, irú èyí tí wọ́n fi ń ya fọ́tò egungun, gba inú kírísítà kan, ìyẹn ohun líle tí átọ́ọ̀mù rẹ̀ tò létòlétò bíi ti iyọ̀, kọjá sórí àwo fọ́tò. Ìtànṣán náà kò kàn kọjá lásán, ó fọ́n ká, ó fi àmì tó tò létòlétò sílẹ̀. Lọ́dún 1913, Lawrence Bragg àti bàbá rẹ̀, William Bragg, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ìṣirò ka àmì bẹ́ẹ̀ padà sí ibi tí átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan dúró sí. Iyọ̀ wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ kà. Bàbá àtọmọ jọ gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1915, ọmọ jẹ́ ẹni ọdún 25.

Ọdún 1913 yẹn náà ni wọ́n ka dáyámọ́ǹdì. Kábọ́ọ̀nù lásán ni dáyámọ́ǹdì sà, bíi èédú yín. Smithson Tennant, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Gẹ̀ẹ́sì, ti jó o níná lọ́dún 1797, afẹ́fẹ́ tí èédú ń dà náà ló dà, kò ku ẹyọ nǹkan mìíràn. Kábọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan di mẹ́rin mú ní gbogbo ìhà, kò sí ohun àdánidá tá a máa ń lò tó le jù ú. Dúdú inú pẹ́ńsùlù náà, kábọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ṣe é, pẹ̀lú amọ̀ díẹ̀. Níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan di mẹ́ta péré mú, ó tẹ́ bí ẹní tí tíṣà sọ, ẹní kan ń yọ̀ lórí èkejì, ó ń kù sórí ìwé. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kẹrin tí kò rí ẹni dì mú ń rìn kiri lórí ẹní, nítorí náà iná mànàmáná ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ti dáyámọ́ǹdì kò gbà á.

BàbáÒgún, 6:30 ìrọ̀lẹ́

Mo gbà. Ẹni tó rí ipasẹ̀ ẹran ti rí ẹran. Ọdẹ ni àwọn yẹn.

ỌmọÀgbẹ̀dẹ (Láfẹ́nwá), Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:50 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti ṣe é. Mo gé ẹ̀là àdá tó kán yẹn sí mẹ́ta. Mo yan gbogbo rẹ̀ nínú òjìji, mágínẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ mi, mo rì wọ́n bọ òróró. Èyí àkọ́kọ́, n kò tún fi han iná. Èkejì, mo gbé e kúrò ní àwọ̀ oyin. Ẹ̀kẹta, mo jẹ́ kó dé aró. Mo há ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú fáìsì, mo fi òòlù gbá a.

Èyí àkọ́kọ́ kán lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀là rẹ̀ fò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú mi, kí ẹnikẹ́ni tó fẹ́ dán an wò wọ awò ojú o. Èkejì gba òòlù mẹ́rin kó tó kán. Ẹ̀kẹta tẹ̀, nígbà tí mo dáwọ́ dúró, ó padà díẹ̀. Fáìlì ń yọ̀ lójú àkọ́kọ́, ó ń jẹ ẹ̀kẹta pẹ̀lú agídí.

Mo ti rọ àdá tuntun fún bàbá Ọ̀dẹ̀dá, n kò gbowó. Ó fi ṣá ìtì igi tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa kó tó gbà á, ó wo ẹnu rẹ̀, ó tún ṣá a. Ó ní kí n rọ ọkọ́ méjì sí i.

Tíṣà, ẹ̀là mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú àpò mi. Tí ẹ bá fẹ́ fi han àwọn ọmọ yín, mo lè gbé wọn wá sí Ìbarà lọ́jọ́ Ajé kí n tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

TíṣàKẹ́mísírì (Ìbarà), 7:58 alẹ́

Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni kíláàsì máa bẹ̀rẹ̀. Mú fáìlì náà dání.